Àwọn ẹran tó ń fò nígbà ayé dáínásọ̀: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dá ọ̀rọ̀ ẹran ayé àtijọ́ sílẹ̀, ìbéèrè tó máa ń pọ̀ jù kì í ṣe nípa T. rex, dáínásọ̀ ajẹran ńlá yẹn o, nípa àwọn tó ń fò lókè, tí wọ́n ń pè ní térósọ̀, ni. Mo kó wọn jọ síbí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí nípa wọn: nínú gbogbo ẹran tó ní eegun ẹ̀yìn, àwọn ló kọ́kọ́ fò láyé yìí, wọ́n sì fò fún ohun tó ju ọdún mílíọ̀nù 150 lọ, síbẹ̀ orúkọ ẹlòmíì la fi ń pè wọ́n.

Ṣé dáínásọ̀ tó ń fò ni nǹkan yìí?

Rárá o. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sára páálí tọ́ì ọmọdé, wọ́n á kó ti inú omi, ti orí ilẹ̀, ti òkè sínú ọ̀rá kan náà, wọ́n á ní dáínásọ̀ ni gbogbo wọn. Térósọ̀ ni orúkọ tiẹ̀. Ẹbí ni òun àti dáínásọ̀, bàbá ńlá kan náà ló bí wọn, àmọ́ ojúlé wọn ti yàtọ̀ tipẹ́tipẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo ìbàdí: ti dáínásọ̀ ní ihò tó lu já níbi tí orí eegun itan ti wọlé, ti térósọ̀ ò lu, ó dà bí abọ́ tó ní ìdí. Nǹkan kékeré ni lóòótọ́, àmọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń ka eegun fi ń mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ta ni.

Èyí tó wá ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù ni pé adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé yín gan-an ni ọmọ dáínásọ̀. Ìdílé kan náà ló ti wá pẹ̀lú T. rex, ó sì sún mọ́ T. rex ju bí térósọ̀ ṣe sún mọ́ ọn lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹ̀?

Òyìnbó ń kọ ọ́ ní pterosaur, P iwájú yẹn ò dún rárá, térósọ̀ lẹnu ń pè, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́. Èdè Gíríìkì ni, apá àti alángbá ni wọ́n so pọ̀. Pterodactyl táwọn míì ń pè é, ti Pterodactylus nìyẹn, ẹ̀yà kan péré nínú wọn, kò sì tóbi. Kéèyàn máa pe gbogbo térósọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí kéèyàn máa pe gbogbo ẹyẹ ní ẹyẹlé.

Tí kì í bá ṣe dáínásọ̀, ṣé ẹyẹ ni àbí àdán?

Àwọn àgbà ní àdán ò ṣeku, àdán ò ṣẹyẹ. Térósọ̀ ò tiẹ̀ ṣe àdán náà. Inú àwọn ẹran afàyàfà ló wà, níbi tí ọ̀nì àti alángbá wà, àmọ́ ọ̀nà tiẹ̀ ló gbà dé òkè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ yín síta báyìí kí ẹ wò ó. Ẹ ka ìka láti àtàńpàkò, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ẹ dúró níbi ìkẹrin, ìyẹn ìka tí wọ́n ń fi òrùka ìgbéyàwó sí. Ẹ jẹ́ kí mẹ́ta àkọ́kọ́ kúrú bí wọ́n ṣe wà, kí èékánná wọn mú ṣóńṣó. Ìka tó kéré jù yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò, térósọ̀ ò ní in. Ẹ wá mú ìka kẹrin, ẹ fà á títí á fi gùn ju gbogbo apá yín lọ, kó le, kó nípọn, kẹ́ ẹ wá ta awọ láti ṣóńṣó orí ìka yẹn wá sí ẹ̀gbẹ́ ara yín títí lọ sápá ẹsẹ̀. Apá térósọ̀ nìyẹn. Ìka kan ṣoṣo ló na gbogbo awọ yẹn.

Ẹ wá fi wé ti àwọn yòókù. Àdán, ìka mẹ́rin ló tẹ́ sínú awọ tiẹ̀ bíi wáyà inú agboòrùn. Ẹyẹ, ìka tiẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ó ti kéré, ìyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà dé òkè, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kejì.

Awọ yẹn kì í sì í ṣe awọ tó kàn rọ̀ jọwọrọ. Àwọn fọ́nrán tín-ín-tín-ín ló wà nínú ẹ̀, wọ́n tò lọ gbọọrọ, iṣan ẹran náà wà nínú ẹ̀. Ẹ ti rí bí onídùndún ṣe ń fún okùn ara ìlù tí awọ ojú ẹ̀ fi ń le tó tún ń dẹ̀, èmi máa ń rò ó bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń gbìyànjú láti fojú inú wo bí apá yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Eegun kékeré kan tún wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀ tó kọjú sápá ọrùn, òun ló di awọ iwájú mú. Kò sí ẹran míì láyé yìí tó ní irú eegun yẹn.

Ta ló kọ́kọ́ rí i?

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ni Cosimo Collini, ọmọ Ítálì kan tó ń tọ́jú àkójọ nǹkan àrà ní ààfin Mannheim ní Jámánì, ọdún 1784 nìyẹn. Inú òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wa ní Bavaria, ní Jámánì níbẹ̀ náà, ni wọ́n ti rí i. Collini wo ọwọ́ gígùn yẹn títí, ó wá rò pé ẹran inú òkun ni, torí ta ló mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ òkun. Ọdún 1801 ni Georges Cuvier, onímọ̀ nípa ẹran ní Parisi, sọ pé rárá o, afàyàfà ni, ó sì ń fò. Àwòrán lásán ló wò o, kò rí eegun yẹn sójú! Òun náà ló fún un lórúkọ lọ́dún 1809.

Àmọ́ ẹni tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fáwọn ọmọbìnrin ni Mary Anning. Ìlú Lyme Regis, létí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń gbé, tálákà ni wọ́n, eegun tó ti di òkúta ló ń wá lára òkè tó ń ya lulẹ̀ létí omi, tó ń tà á fáwọn tó wá ṣeré kó lè rówó jẹun. Oṣù December 1828 ló rí térósọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Dimorphodon lónìí, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tí wọ́n rí níbi tí kì í ṣe Jámánì. William Buckland, onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan, ló kọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ jáde lọ́dún tó tẹ̀lé e, torí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní London ò gba obìnrin wọlé nígbà yẹn. Ẹni tó mọ ibi tí eegun wà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ tí kò fi ní fọ́, ìta ló wà.

Èyí tó tóbi jù ńkọ́?

Ọdún 1971, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Douglas Lawson wà ní Big Bend ní Texas, ó rí eegun apá kan tó yọ jáde. Ó gùn, ihò wà nínú ẹ̀, kò jọ ti dáínásọ̀ kankan. Quetzalcoatlus ni wọ́n sọ ọ́ lọ́dún 1975, orúkọ òrìṣà àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ tó jẹ́ ejò oníyẹ̀ẹ́.

Tó bá na apá ẹ̀ méjèèjì, láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì tó mítà 10 sí 11. Ẹ to danfo méjì tẹ̀lé ara wọn, apá yẹn ṣì máa yọ. Ẹyẹ tí apá ẹ̀ gùn jù lónìí ni albatross, tiẹ̀ ò ju bíi mítà mẹ́ta àbọ̀ lọ. Tí Quetzalcoatlus bá dúró nílẹ̀, orí ẹ̀ máa bá ti àgùnfọn dọ́gba. Ó tún ní ọ̀kan ní Ròmáníà tó ń jẹ́ Hatzegopteryx tí ọrùn tiẹ̀ kúrú tó sì ki pọ́pọ́, orí ẹ̀ ràgàjì, erékùṣù ló ń gbé, kò sì sí dáínásọ̀ ajẹran ńlá tí wọ́n tíì rí níbẹ̀, òun gan-an ni ọ̀gá.

Kékeré náà wà ṣá o. Nemicolopterus tí wọ́n rí ní Ṣáínà, apá ẹ̀ méjèèjì lápapọ̀ ò ju sẹ̀ntímítà 25 lọ, ó ṣeé gbé sórí àtẹ́lẹwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n rí yẹn ò tíì dàgbà tán.

Nǹkan tó tóbi tó àgùnfọn, báwo ló ṣe ń gbéra nílẹ̀?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn èèyàn ń sọ pé kò lè fò tí kò bá kọ́kọ́ bọ́ láti orí òkè, tàbí kó dúró de atẹ́gùn, torí wọ́n ń rò ó bí ẹyẹ. Ẹyẹ, ẹsẹ̀ méjì ló fi ń ta sókè kó tó na apá. Tẹ́ ẹ bá wo ẹsẹ̀ térósọ̀, kò lágbára tó láti ta nǹkan tó ju 200 kílò sókè.

Lọ́dún 2008 ni onímọ̀ kan, Michael Habib, sọ pé ẹsẹ̀ kọ́ lẹ ó wò, ọwọ́ ni. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni térósọ̀ fi ń rìn, ojú ẹsẹ̀ wọn wà lórí òkúta ní Crayssac nílẹ̀ Faransé, kedere ni, ọwọ́ àtẹsẹ̀, pẹ̀lú ìka gígùn yẹn tí wọ́n ká sókè kó má bàa tẹ ilẹ̀. Iṣan tó fi ń fò, tó lágbára jù lára ẹ̀, inú apá ló wà, apá yẹn náà ló sì fi dúró. Tó bá fẹ́ gbéra, ó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á kọ́kọ́ tì í, apá á wá fi gbogbo agbára ta á sókè, ìka á sì ṣí gbàgà. Àdán kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù ní Gúúsù Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní, apá ló fi ń ta ara ẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ìdí kejì ni eegun. Ẹ rántí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tá a máa ń gé nígbà tá a wà lọ́mọdé, ihò ni inú ẹ̀ látòkè délẹ̀. Eegun térósọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nínípọn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níbi púpọ̀ ò ju mìlímítà kan lọ, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀. Kí ló wá dé tí kì í ṣẹ́? Lọ́dún 2021 wọ́n yẹ eegun ọrùn kan láti Mòrókò wò pẹ̀lú ẹ̀rọ X-ray, wọ́n rí i pé àwọn eegun tín-ín-rín ló yí ihò àárín ká bíi sípókù inú táyà kẹ̀kẹ́. Wọ́n ṣírò ẹ̀, wọ́n ní àádọ́ta péré nínú ẹ̀ á jẹ́ kí eegun yẹn gba ẹrù tó fi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí táyà kẹ̀kẹ́ báyìí ni mo máa ń rántí.

Kí ni wọ́n ń jẹ?

Ó yàtọ̀ síra. Pterodaustro ti Ajẹntínà ní eyín bí ẹgbẹ̀rún kan tó rí bí irun búrọ́ọ̀ṣì, omi ló fi ń sẹ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ohun kéékèèké inú ẹ̀ lá wá kù sí i lẹ́nu. Quetzalcoatlus àti àwọn ẹbí ẹ̀, ìrìn ni wọ́n ń rìn nínú pápá, wọ́n á máa ṣa ẹran kéékèèké bí lékeléke ṣe ń ṣa tata lẹ́yìn màlúù. Pteranodon ti Kansas ò ní eyín rárá, ẹja ló ń jẹ.

Òkúta kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Solnhofen ní Jámánì ni wọ́n ti rí i, ọjọ́ orí ẹ̀ tó mílíọ̀nù ọdún 150. Rhamphorhynchus kan wà nínú ẹ̀, térósọ̀ kékeré onírù gígùn, ẹja wẹ́wẹ́ kan wà lọ́nà ọ̀fun ẹ̀ tí kò tíì gbé mì tán. Ṣe lẹ máa rò pé ọjọ́ rere ló bá a, àfi bí ẹja ńlá kan, Aspidorhynchus, ṣe jáde láti ìsàlẹ̀ tó gbá a lápá mú. Eyín ẹja yẹn há sínú awọ apá, àwọn fọ́nrán tí mo sọ lókè yẹn lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú sílẹ̀. Wọ́n jọ rì sísàlẹ̀ níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́ nínú omi, wọ́n kú síbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lórí òkúta yẹn bí wọ́n ṣe wà lọ́jọ́ náà, ẹja inú ọ̀fun, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, àti ẹni tó fẹ́ jẹ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Ṣé ó lè fi ẹsẹ̀ gbé èèyàn fò lọ bíi ti inú fíìmù?

Kò lè ṣeé ṣe. Ẹsẹ̀ térósọ̀ pẹlẹbẹ, ìrìn ló wà fún, kì í ṣe èyí tó lè dì mọ́ nǹkan bí ti àṣá tàbí idì. Kò sì sí èèyàn nígbà yẹn, ó ju mílíọ̀nù ọdún 60 lọ lẹ́yìn ikú wọn kí irú wa tó dé.

Ṣé ara wọn bọ́lọ́ ni bí ti alángbá?

Rárá, ara wọn ní nǹkan tó dà bí irun. Èyí tó yanjú ọ̀rọ̀ jù ni ti Tupandactylus láti ìpínlẹ̀ Ceará ní Bràsíìlì. Ogbe ńlá wà lórí ẹ̀ tó ga bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Lọ́dún 2022, Aude Cincotta, Maria McNamara àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ pé àwọn rí ìyẹ́ lẹ́yìn ogbe yẹn, àwọn kan rí bí irun, àwọn kan ní ẹ̀ka, ohun tó ń fún ìyẹ́ láwọ̀ sì ṣì wà nínú ẹ̀, oríṣiríṣi sì ni. Ìyẹn ni pé àwọ̀ wọn ò rí bákan náà. Mo rò pé ṣe ni wọ́n ń fi ogbe yẹn pọ́n ara wọn lé bí àkùkọ ṣe ń ṣe.

Inú mi dùn sí ohun tó tẹ̀lé e: Bẹ́ljíọ̀mù ni eegun yẹn wà, wọ́n sì dá a padà sí Bràsíìlì. Òfin Bràsíìlì láti 1942 ni pé ti orílẹ̀-èdè ni fọ́sìlì, ìyẹn eegun tó ti di òkúta, síbẹ̀ wọ́n ti ń kó o jáde láti ìgbà yẹn wá. Lọ́dún 2013 àwọn ọlọ́pàá gba òmíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré, Tupandactylus navigans, ní èbúté Santos. Tí wọn ò bá rí i gbà ni, bóyá pálọ̀ olówó kan ló máa wà lónìí.

Ṣé wọ́n ń yé ẹyin?

Bẹ́ẹ̀ ni, èèpo ẹ̀ sì rọ̀, kò le bí ti adìẹ. Ní Xinjiang ní Ṣáínà, wọ́n rí ẹyin Hamipterus tó tó 215 lójú kan, wọ́n kéde ẹ̀ lọ́dún 2017, ọmọ wà nínú 16 nínú wọn. Bóyá ọmọ tuntun lè fò lọ́jọ́ tó bá jáde ni wọ́n ṣì ń bára wọn jiyàn lé lórí.

Ṣé wọ́n rí i ní Áfíríkà?

Gan-an! Mòrókò ló lọ́rọ̀ jù. Níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífétì, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, wọ́n rí ẹ̀yà méje láti ìdílé mẹ́ta, wọ́n kéde ẹ̀ lọ́dún 2018. Èyí ṣe pàtàkì torí àwọn èèyàn ti ń rò pé térósọ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ kó tó tán, àwọn ti Mòrókò yìí wá fi hàn pé nígbà tó kù díẹ̀ kí gbogbo ẹ̀ parí, wọ́n ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ní Tendaguru ní Tànsáníà, ibi táwọn ará Jámánì ti wú eegun dáínásọ̀ láàárín 1909 sí 1913, eegun térósọ̀ náà wà níbẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni ti Àǹgólà. Lọ́dún 2022 wọ́n sọ ọ̀kan tí wọ́n rí ní Bentiaba ní Epapatelo otyikokolo. Èdè Nhaneca tí wọ́n ń sọ lágbègbè yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́, apá àti alángbá ló túmọ̀ sí, ohun kan náà tí Gíríìkì ń sọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí.

Nílé wa ńkọ́? Lápá Goronyo ní Sókótó, wọ́n rí eegun ẹran omi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Goronyosaurus nigeriensis, ìgbẹ̀yìn ayé dáínásọ̀ ló gbé, torí òkun bo ibẹ̀ nígbà yẹn. Afàyàfà inú omi lòun, kì í ṣe térósọ̀, àmọ́ irú òkun bẹ́ẹ̀ làwọn apẹja òkè wọ̀nyí fẹ́ràn.

Ta ni wọ́n jọ ń fò?

Kòkòrò ti wà lókè tipẹ́ kí wọ́n tó dé, ìbátan lámilámi kan, Meganeura, fò ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 300 sẹ́yìn, apá ẹ̀ méjèèjì lápapọ̀ tó sẹ̀ntímítà 65. Térósọ̀ dé ní bíi mílíọ̀nù ọdún 220 sẹ́yìn, wọ́n dá nìkan wà pẹ̀lú kòkòrò fún ìgbà pípẹ́ kí dáínásọ̀ oníyẹ̀ẹ́ tó darapọ̀ mọ́ wọn. Archaeopteryx tí wọ́n rí lọ́dún 1861 ni gbogbo ayé mọ̀. Microraptor ti Ṣáínà, ìyẹ́ gígùn wà lápá ẹ̀, ó tún wà lẹ́sẹ̀, bí apá mẹ́rin ló rí, dúdú tó ń dán bí ìyẹ́ kannakánná. Yi qi, tí wọ́n kéde lọ́dún 2015, dáínásọ̀ ni, àmọ́ awọ ló fi ṣe apá. Àdán ò tíì sí o, ẹ̀yìn wọn pátápátá ló dé.

Kí ló wá pa wọ́n?

Òkúta kan láti ojú ọ̀run tí fífẹ̀ ẹ̀ tó bíi kìlómítà 10 já lu Chicxulub ní Mẹ́síkò, mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Eruku àti èéfín bo oòrùn, ewéko kú, àwọn tó ń jẹ ewéko tẹ̀lé e. Térósọ̀ ìgbà yẹn sì ti tóbi jù, ara ńlá ò ṣeé bọ́ nígbà ìyàn. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan rí hóró jẹ nílẹ̀, àwọn ló kù.

Wọ́n ní ọ̀kan ṣì wà ní Zambia, ṣé òótọ́ ni?

Kongamato nìyẹn. Láti àwọn ọdún 1920 làwọn òyìnbó ti ń kọ ọ́ pé ẹran kan wà nínú irà níbẹ̀ tó ń fò, tó jọ térósọ̀. Kò sẹ́ni tó mú eegun kan wá rí, kò sẹ́ni tó mú òkú ẹ̀ wá. Láti mílíọ̀nù ọdún 66 wá, wọn ò rí eegun térósọ̀ kan nínú òkúta kankan níbikíbi láyé. Àwọn èèyàn tó ń gbé níbẹ̀ mọ ẹyẹ àti àdán agbègbè wọn dáadáa, èmi gbà pé àwọn tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu wọn ló fi térósọ̀ kún un.

Mo fẹ́ ra ìwé àwòrán fún ọmọ mi, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa?

Ẹ ṣí ojú ìwé térósọ̀, ẹ ka ìka. Èékánná mẹ́ta lápá, ìka kẹrin ló na awọ. Tí wọ́n bá ya ìka mẹ́rin sínú awọ, àdán ni wọ́n yà. Ẹ wo ara, ó yẹ kó ní irun wẹ́wẹ́. Ẹ wo bó ṣe dúró nílẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni, kì í dúró lórí méjì bí adìẹ, ìka gígùn yẹn á ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá na ọwọ́ ọmọ yẹn sórí àwòrán, kó fi ìka òrùka tiẹ̀ tọ eegun yẹn lọ títí dé ìpẹ̀kun.